Sòbìà Tí Kò Yọjú

Àtàárọ̀ ni inú ti ń bí Wúràọlá, kò sì tíì rí ẹni tí yóò dà á lé lórí. Ó gbá ilẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ó tú ewúrẹ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, ó sá lọ. Nígbà tí yóò fi gbé ìlasa ka iná, ó ti ń fi orógùn lu etí ìkòkò tó bẹ́ẹ̀ tí Ọláyẹmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin kejì, fi gbé garawa, ó ní òun ń lọ pọnmi. Bẹ́ẹ̀ omi kún àmù dé ọrùn.

Àwọn àna ni wọ́n ń retí. Wọ́n ti ránṣẹ́ láti Èrúwà lánàá pé àwọn ń mú Àmínà, ẹ̀gbọ́n Ọláyẹmí, bọ̀, tòun tẹrù rẹ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ wá gbọ́ ohun tí ojú àwọn ń rí. Ọmọ yín kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Ọmọ yín kì í pọnmi. Ọmọ yín ń jókòó níbi tí àgbà gbé dúró. A ó dá a padà fún yín, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ yóò sì wà lọ́dọ̀ àwa tí a ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ọmọ ọwọ́ ọ̀hún, Àṣàkẹ́, kò tíì já lẹ́nu ọmú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́ rìn ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìyàwó padà, kó dá a padà, ayé ti rí irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n já ọmọ ọmú gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí pé ìyá kò kúnlẹ̀, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn láàárín ènìyàn?

Bẹ́ẹ̀ Àmínà kò lè kúnlẹ̀ ni. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Bí ó bá kúnlẹ̀, kò ní í lè dìde mọ́, àfi kí ó fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Kò lè gbé garawa omi karí. Bí ó bá jókòó sórí àpótí ìdáná, ẹnì kan ni yóò fà á dìde. Bí ó bá wọ ṣálángá, ògiri ni yóò dì mú. Ọwọ́ tí yóò fi dirun fún ara rẹ̀ kì í dé orí mọ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ojú rẹ̀ ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Aláìsàn tó bá rù, ènìyàn a káàánú rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ ń dán, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, wọn a tún fi alágídí kún un.

Ní Ìdèrè, bí ẹsẹ̀ bá ń da ènìyàn láàmú, a kì í béèrè pé kí ló ṣe é. Sòbìà ni. Kò sí ọ̀gbẹlẹ̀ tí sòbìà kì í so ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́lẹ̀ nílùú yìí, àgbẹ̀ kò ní lè roko, ìyá kò ní lè re ọjà, wọn a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa wo kòkòrò funfun tí ń yọ jáde lójú egbò. Nítorí náà, nígbà tí ẹsẹ̀ Àmínà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, sòbìà ni gbogbo ilé pè é, sòbìà tí kò tíì yọjú. Wọ́n ń dúró dè é. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ọ̀gbẹlẹ̀ lọ. Sòbìà yọ lẹ́sẹ̀ ará ilé kejì, ó yọ lẹ́sẹ̀ lèmọ́mù, ó yọ lọ́wọ́ àlejò tó wá kí lèmọ́mù. Ti Àmínà kọ̀, kò yọ.

Sàláúdéènì, ọkọ Wúràọlá, ti mọ́ṣáláṣí dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè.

“O ò tíì gbé Búrẹ́mọ̀ kúrò níbẹ̀?”

Búrẹ́mọ̀ ni àbúrò Sàláúdéènì, ọmọ ìyá rẹ̀. Orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó máa ń wà, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ti ń tẹ̀lé e. Wúràọlá ni ó ń bọ́ ọ, òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò. Síbẹ̀ kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, nítorí wọ́n ti bí Búrẹ́mọ̀ kí wọ́n tó gbé Wúràọlá wọlé, aya ilé kì í sì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Akọ̀wé ni ó ń pè é, nítorí ó ka ìwé díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e dé ilé ìwé. Ẹni tí ó ń wẹ̀ bí ọmọ tuntun, “ẹ” ni ó ń fi bá a sọ̀rọ̀.

“Níbo ni kí n gbé wọn lọ?” ni Wúràọlá dáhùn.

“Mo ti ní kí ẹ gbé e lọ sí abà látàná.”

“Lórí kí ni? Ṣé ká so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bí ìdì igi ni?”

“Èmi ò mọ̀. Àwọn àna ò gbọdọ̀ bá a níbí. Bí wọ́n bá ti rí i, ọ̀rọ̀ bàjẹ́.”

Wúràọlá gbé orógùn kalẹ̀. Ó ti rí ẹni tí yóò dà á lé lórí.

“Bàbá Àmínà, títí dìgbà wo la ó máa pè é ní sòbìà? Ojú àwa méjèèjì ni dókítà tó wá wo àwọn olósòbìà ti tẹ ẹsẹ̀ Akọ̀wé, tó ní kì í ṣe sòbìà. Ó ní ẹran ara ló ń yọ́ lọ. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà wá, bí imú bàbá ṣe ń bọ́ sójú ọmọ. Ṣé kò sọ bẹ́ẹ̀ ni?”

“Ṣé ó fún wa lóògùn?”

“Ó ní kò tíì sí.”

“Ẹni tí kò lóògùn, kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ṣe?” Sàláúdéènì jókòó, ó fa tẹ̀súbáà yọ. “Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa pè é? Àrùn ìdílé! Lẹ́yìn Iléyá ni ìdána Ọláyẹmí. Àwọn tó fẹ́ ẹ yìí, ṣé ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ń gbé, tí wọn ò ní gbọ́? Ká fi ọ̀kan gba èkejì là, o ò fẹ́. Ká fara mọ́ ọn pé Àmínà ò mọ̀wàá hù, kí ó bẹ̀bẹ̀, kó tán síbẹ̀, o ò fẹ́. Kí gan-an lo fẹ́?”

“Mo fẹ́ kí wọ́n má gba ọmọ lọ́wọ́ ọmọ mi.”

“Èmi náà ò ṣá fẹ́ kí wọ́n gbà á.”

“Ẹ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ wá ń bo ọ̀rọ̀ àìsàn yìí mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ ń fẹ́ èmi náà, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó ń fi ìdí wọ́ ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ ní orí igi ọsàn ló ti já. Igi ọsàn wo ló wà nílé yìí?”

 Sàláúdéènì ń ka tẹ̀súbáà, ó sì ń kà á kánkán ju bí wọ́n ṣe ń kà á lọ. Wúràọlá mọ ìdákẹ́jẹ́ yìí, ó ti bá a gbé pẹ́. Ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ nípa Ọláyẹmí, ohun tí ó dùn ún jù nìyẹn. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ gbé àbúrò ọkọ rẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ń kó pákí gbígbẹ sí ni ó gbé e lọ. Ó fà á lábíyá, ìgìgísẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn. Búrẹ́mọ̀ rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, bò mí dáadáa o, kí eku má baà kà mí mọ́ pákí.”

“Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín lónìí.”

“Bí wọ́n bá gún mi pọ̀ mọ́ láfún, ẹ̀yin lẹ ó jẹ mí.” Ó wo ojú rẹ̀. “Ṣé wọ́n ń mú ọmọ ọ̀hún bọ̀?”

“Wọ́n ní àwọn ń mú un bọ̀ kí àwọn lè mú un lọ.”

Ó fi àpò pákí kan ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò tì í. Ẹni tí kò lè dìde, kí la ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sí?

Bí ó ti ń padà síbi iná ni Màmá Dàda, ará ilé kejì, ń bọ̀ ní títiro, ewé lọ́wọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àmínà. Mo ní kí n yà kí yín. Mo gbọ́ pé àwọn àna yín ń bọ̀.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Ta ni yóò sọ fún mi? Imú mi ló gbọ́ òórùn adìẹ.” Ó na ewé náà sí i. “Olúgànbe ni mo já wá. Ṣé sòbìà Àmínà ò tíì yọjú? Ẹ ò ní í gbọ́. Bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi pa á lẹ́sẹ̀ méjèèjì.” Ojú rẹ̀ ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó rí ẹní tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. “Bàbá Kékeré dà?”

“Wọ́n lọ sí abà.”

“Lórí ẹsẹ̀ wọn?”

Wúràọlá gba ewé, ó dúpẹ́, ó yí ẹ̀yìn padà. Màmá Dàda kò lọ sílé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tí sòbìà jẹ, ó sì yí ojú sí ilé Sàláúdéènì. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti Màmá Dàda, ọjọ́ pẹ́ tí ó ti le.

Oòrùn ti gbóná nígbà tí bọ́lẹ́kájà já wọn sílẹ̀. Àkíbù ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùkáílà tó fẹ́ Àmínà, àgbà ọkùnrin tó dá irùngbọ̀n sí. Ìyá Mùkáílà tẹ̀lé e, ó pọn Àṣàkẹ́. Wúràọlá rí ibi tí ọmọ wà. Mùkáílà fúnra rẹ̀, káfíńtà ni, kò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó ń já ẹrù sílẹ̀, kò wo ojú ẹnì kankan. Àmínà ló sọ̀ kẹ́yìn. Ó di irin ọkọ̀ mú, ó fi ìdí wọ́ dé etí pákó, ó rọra ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ títí dẹ́rẹ́bà fi ní kó kúrò kí àwọn lè máa lọ.

“Ẹ rí i?” ni Ìyá Mùkáílà wí kí wọ́n tó kíra tán. “Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nìyẹn, bí olorì.”

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Wọ́n gbé omi fún wọn, wọ́n mu. Wọ́n gbé àmàlà láfún àti ìlasa àti adìẹ fún wọn, ẹnì kankan kò ṣí ideri rẹ̀. Àkíbù ní kí àwọn kọ́kọ́ rojọ́. Àmínà kúkú dúró ti òpó, kò jókòó, nítorí àga kan ṣoṣo tó ga nílé, abẹ́ Àkíbù ló wà.

Ìyá Mùkáílà bẹ̀rẹ̀. Kò sinmi.

“Láàárọ̀, bó bá jí, ìdúró ló fi ń kí mi. Á kàn tẹ orúnkún díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Mo ní kó lọ sódò, ó ní kí wọ́n gbé e rù ú. Wọ́n gbé e rù ú, ó dà á nù, ìkòkò mi fọ́. Mo ní kó gúnyán, ó ní ọwọ́ ń ro òun. Ọmọ mi wá lọ kan àga gíga fún un, ó ní orí ìyẹn ni yóò máa jókòó dáná! Ẹ gbọ́ mi o! Ọmọ tí mo bí ń kan àga fún ìyàwó, èmi ìyá ẹ̀ ń lóṣòó ti iná. Gbogbo Èrúwà ló ń wá wo àga.”

“Ẹ má bínú, Ìyá wa,” ni Sàláúdéènì wí. “Sòbìà ni. Ó wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀.”

“Ṣé Ìdèrè nìkan ló ní sòbìà ni?” ni Àkíbù dá sí i. “Sòbìà a máa yọjú. Egbò ẹ̀ dà?”

“Kò tíì yọ.”

“Láti ọjọ́ tí a ti gbé e níyàwó?”

 Wúràọlá wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Àṣàkẹ́ rí ìyá rẹ̀ níbi òpó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ láti ẹ̀yìn ìyá bàbá rẹ̀, ó ń ké. Ọmú Àmínà ti rin aṣọ rẹ̀, ẹni tó bá lójú lè rí i. Ìyá Mùkáílà gbọn ìdí, ó ń rẹ ọmọ.

Àkíbù nu ojú. Kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán kí ó lè jẹun.

“Kò le tó báyẹn,” ni ó wí. “Ìwà ni obìnrin. Àmínà, wá síwájú ìyá ọkọ ẹ, kúnlẹ̀, tọrọ àforíjì. Bí o bá ti kúnlẹ̀, ìjà tán. A ó gbé ọmọ fún ẹ, a ó jẹun, gbogbo wa á jọ padà sílé.”

Inú Sàláúdéènì dùn. “Àmínà, o gbọ́? Kúnlẹ̀.”

Kí Wúràọlá tó la ẹnu, Àmínà ti fi òpó sílẹ̀. Ó dé iwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó sì jẹ́ kí ara rẹ̀ já sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún lórí ilẹ̀.

“Ẹ dárí jì mí, Ìyá mi. Mo jẹ̀bi. N ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Ìyá Mùkáílà jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kí ó lè dùn ún. “Ó dáa, mo ti gbọ́. Dìde.”

Àmínà wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Mo ní ó tó. Dìde.”

Àmínà kò dìde. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ìyá Mùkáílà wo àwọn ènìyàn yíká.

“Ẹ ò rí ìwà yìí? Ní gbogbo ọjọ́, a ní kó kúnlẹ̀, kò kúnlẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ tán, a ní kó dìde, kò dìde! Ṣé à ń bẹ̀ ẹ́ kó o tó dìde ni?”

“Dìde, Àmínà!” Ohùn bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá gbìyànjú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó gbé ìdí sókè. Ó na ẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kan lé orúnkún, ó gbé èkejì lé itan, ó ń gun ara rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, èémí rẹ̀ ń dún. Ó kù díẹ̀ kó nàró ni orúnkún ọ̀tún yẹ̀, ó sì jókòó pọ̀ọ̀ sílẹ̀ níwájú wọn, aṣọ rẹ̀ ká. Mùkáílà dìde láti fà á, ìyá rẹ̀ fi ojú dá a jókòó.

 

“Lá ìláhà,” ni Àkíbù wí, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Ó jẹ́ pé lóòótọ́ ni sòbìà wà níbẹ̀. Sòbìà inú orúnkún. Ìyẹn ló burú jù nínú wọn, ó máa ń ká sínú eegun.” Ojú rẹ̀ ti tàn, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí ó mọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ abẹ kan tí ó fi aṣọ wé. “Mo ti yọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí sòbìà bá kọ̀ tí kò yọjú, abẹ la fi ń pè é. Ẹ dá a dùbúlẹ̀. Màá là á lókè orúnkún méjèèjì, màá wá a títí n ó fi rí i. Ìyá Àmínà, ẹ bá wa gbé omi gbígbóná. Bó bá ti jáde, kò síjà mọ́, ìyàwó wa á bá wa lọ lónìí, tòun tọmọ.”

Ìyá Mùkáílà náà ti rọ̀. “Bó bá jẹ́ sòbìà ni, kò kúkú ṣẹ̀ mí. Ṣé ó le débi tí kò fi lè sọ ọ́?”

Wúràọlá wo ọkọ rẹ̀. Ó ń retí pé kí ó wí nǹkan. Ẹran tí wọ́n fẹ́ là yìí, ẹran ara ọmọ rẹ̀ ni, kò sì sí sòbìà kankan níbẹ̀ tí abẹ lè rí, bó ti wù kí ó wá a tó. Sàláúdéènì mọ̀. Ó tẹ́ tẹ̀súbáà sórí itan.

“Ẹ là á,” ni ó wí. “Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ náà ni. Egbò á jinná.”

Wúràọlá yí sí ọmọ rẹ̀. Àmínà kò wo abẹ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n là á, Ìyá mi,” ni ó wí wẹ́rẹ́. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n là á.”

Inú tó ti ń bí Wúràọlá látàárọ̀, ó ṣe bí ẹni pé eré ló ti ń ṣe. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó gbé omi ka iná bí wọ́n ti wí. Ó gbọ́ bí Àkíbù ti ń pọ́n abẹ lórí òkúta àbáwọlé. Ó ronú kan Ọláyẹmí, ó ronú kan ìdána, ó ronú kan ẹni tí yóò máa bọ́ Àmínà lọ́jọ́ tí òun bá kú. Omi hó. Kò gbé e. Ó padà wọlé lọ́wọ́ òfo, ó kọjá láàárín wọn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá pákí gbayawu.

“Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ ń lọ kí ẹ tó là á.”

Búrẹ́mọ̀ jókòó síbẹ̀, ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àpò, pákí funfun bo orí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan níbi tí Wúràọlá gbé wọn sí láàárọ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àna wa,” ni ó wí. “Ẹ má bínú pé n ò lè dọ̀bálẹ̀. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó gbé mi dìde.”

“Wúràọlá!” Sàláúdéènì pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ níwájú àlejò, ohun tí kò ṣe rí.

“Mo gbọ́ yín. Àbúrò yín nìyí, ọmọ ìyá yín. Báyìí ni tiwọn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣubú, ẹ ní ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe sòbìà, Bàbá Àkíbù. Abẹ yín ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ilé yìí ló wà. Ọmọ mi ò rí yín fín, kì í ṣe ọ̀lẹ, kò lè dìde ni! Ó ti tó gẹ́ẹ́!”

Àkíbù wo Búrẹ́mọ̀, ó wo Àmínà nílẹ̀. Ó wé aṣọ mọ́ abẹ rẹ̀ padà, ó wé e, ó tún wé e.

“Ẹ fi àrùn ìdílé fún wa níyàwó,” ni ó wí níkẹyìn. Kò pariwo. “A rán alárinà, a ní kó béèrè. Ó béèrè. Ẹ ní ilé yín mọ́.”

“Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà,” ni Búrẹ́mọ̀ wí láti inú yàrá. “Ẹ̀yin náà, bí a bá ti sọ ọ́, ṣé ẹ ó rà á?”

 Ìyá Mùkáílà ti dìde. Wúràọlá sáré dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, nítorí ó rò pé ó fẹ́ gbé ọmọ sá lọ.

“Ẹ ò ní mú un lọ! Ẹ fún un ní ọmọ ẹ̀!”

Ìyá Mùkáílà ti ń tú ọ̀já. Ó ń tú u bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ láṣọ. Ó sọ ọmọ kalẹ̀ láàárín ilé, ó gbọn aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ nù.

“Ta ló fẹ́ mú un lọ? Ẹ gba ọmọ yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ni. Àwa ò ní irú ẹ̀ nílé wa.”

“Ìyá mi, ọmọ mi ni,” ni Mùkáílà wí. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

“O ó bí òmíràn. Jáde!”

Àkíbù ti bọ́ síta. Mùkáílà dúró, ó ń wo Àmínà, ó ń wo ọmọ, ó wo àwọn ẹrù tó kó jọ sí àbáwọlé, àga gíga ọ̀hún wà lórí wọn. Ìyá rẹ̀ tún pè é. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ àga kalẹ̀ láti orí ẹrù, ó gbé e tọ́ sílẹ̀ dáadáa, ó sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Wúràọlá fẹ́ ṣépè fún un, kò rí èyí tó tọ́ sí i.

Oúnjẹ wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan kò ṣí. Lójúde, ohùn Màmá Dàda ti ń lọ láti ilé dé ilé, kò tilẹ̀ tiro mọ́.

Ọláyẹmí dé pẹ̀lú garawa lórí. Ó sọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó dà á sí àmù tó ti kún, omi ṣàn lọ sílẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, wọ́n ti sọ fún un lójú ọ̀nà. Ó bọ́ sẹ́yìn àmù níbi tí ó rò pé wọn kò rí òun. Wúràọlá rí i. Ó lóṣòó, ó dìde. Ó tún lóṣòó, ó tún dìde. Ó dúró díẹ̀, ó tún lóṣòó.

“Inú ẹ dùn báyìí?” ni Sàláúdéènì bi ìyàwó rẹ̀. “Wọ́n ti fún ọ ní ọmọ. Inú ẹ dùn?”

Wúràọlá kò mọ̀. Ohun tí ó ń bẹ Ọlọ́run fún láti àná ló wà láàárín ilé yìí, tí wọ́n sọ kalẹ̀ fún un bí aṣọ olókùnrùn. Àmínà ti na ọwọ́ láti ibi tó jókòó sí, ó ń pe ọmọ rẹ̀, “Àṣàkẹ́, wá, wá mu ọmú.” Ọmọ náà ti dákẹ́ ẹkún. Ìdí ló fi jókòó sílẹ̀ níbi tí ìyá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sí. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dìde.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ó gbé ìdí sókè.

Sàláúdéènì dá tẹ̀súbáà dúró. Ọláyẹmí yọ orí lẹ́yìn àmù. Búrẹ́mọ̀ na ọrùn láti inú pákí. Ọwọ́ tí Àmínà nà dúró sójú ọ̀nà.

Gbogbo ọmọ ìrìnsẹ̀ ní í dìde bẹ́ẹ̀. Wúràọlá ti tọ́ ọmọ, ó mọ̀ pé kò sí ọmọ tuntun tí kì í fi ọwọ́ tẹlẹ̀ kó tó nàró. Ó mọ̀ dájú.

“Ẹ gbójú yín kúrò lára ọmọ yẹn!” ni ó pariwo. “Gbogbo yín! Ẹ gbójú kúrò!”

Wọ́n gbójú kúrò. Òun nìkan ni kò lè gbé ojú tirẹ̀ kúrò.